Èsì: "ọ̀rọ̀ìpamọ́" kọ́ ni páásíwọ́ọ̀dù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire.

Àkójọ ọ̀rọ̀ fún ààbò kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tí a rí gbà lọ́jọ́ Ajé pe páásíwọ́ọ̀dù ní "ọ̀rọ̀ìpamọ́", ó sì fún authentication (mímọ ẹni tó ń wọlé) àti authorization (fífún un láyè láti ṣe nǹkan) ní orúkọ kan náà, "ìjẹ́rìísí". Ẹni tó ṣe é ṣiṣẹ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ì- tó bẹ̀rẹ̀ "ìpamọ́" yẹn kò jẹ́ kí n sinmi.

Ìpamọ́, ìṣe ni. Ohun tí a pa mọ́, àpamọ́ ni, bí àkọsílẹ̀, bí àsọtẹ́lẹ̀. Ẹ gbé ohùn ìsàlẹ̀ à- yẹn wá sí àárín, olùṣe lẹ máa bá pàdé: apẹja, akọ̀wé, aṣínà. Iṣẹ́ páásíwọ́ọ̀dù ni kó ṣínà. Ọ̀rọ̀ aṣínà ni mo fara mọ́.

> Ẹ̀gbọ́n, èyí tí a kò bá pa mọ́, ilẹ̀kùn wo ló fẹ́ ṣí? Ìpamọ́ ni gbogbo agbára rẹ̀.

Àbúrò, ta ló ń pa á mọ́? Ilé iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe kì í tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni. Wọ́n á bu iyọ̀ sí i, ìyẹn àwọn àmì tí kọ̀ǹpútà ṣà láìlétò, tí ti ẹnì kan kò bá ti ẹnì kejì mu; wọ́n á wá fi bcrypt tàbí Argon2, ètò ìṣirò tó dà bí ọlọ, lọ̀ ọ́. Èlùbọ́ ló kù, kò sì ní padà di iṣu mọ́. Bí oníbàárà bá tún dé, wọ́n á lọ ohun tó tẹ̀, wọ́n á fi èlùbọ́ wé èlùbọ́. Láìsí iyọ̀, òṣìṣẹ́ méjì tó lo ọ̀rọ̀ kan náà á ní èlùbọ́ kan náà, olè tó bá mọ ọ̀kan ti mọ méjèèjì. Olè kì í yí èlùbọ́ padà. Àbá ló ń dá, tó ń lọ àbá kọ̀ọ̀kan wò. Ọlọ tó bá yá bíi MD5, òun ló ń ràn lọ́wọ́. Ní 2009, olè wọ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ RockYou, ó bá páásíwọ́ọ̀dù tó lé ní mílíọ̀nù 32 nílẹ̀ gbọlọjọ, láìlọ̀. Ìpamọ́ tiyín nìyẹn! Àkójọ páásíwọ́ọ̀dù yẹn ni àwọn olè ṣì fi ń dá àbá títí dòní.

Èyí tún kan àwa tí ọ̀rọ̀ àmì ohùn ń dùn. Ẹ tẹ "ọ̀" lórí fóònù, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ojú rí ohun kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lè jẹ́ "ọ" tí wọ́n fi ohùn ìsàlẹ̀ lé lórí, báìtì 5 (báìtì ni ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń ka ọ̀rọ̀). Èkejì "ò" tí wọ́n fi àmì abẹ́ sí, báìtì 4. Ẹ̀kẹta "o" lásán tó gbé àmì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bcrypt kò gbọ́ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló rí, ilẹ̀kùn kò sì ní ṣí. Ẹni tó ń kọ ètò gbọ́dọ̀ fi NFC tàbí NFKC, ìlànà tó ń mú kí lẹ́tà kan náà ní ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo, sọ gbogbo wọn di ọ̀kan kó tó lọ̀ ọ́. Báìtì 72 péré sì ni bcrypt ń kà: lẹ́yìn "ọ̀" oníbáìtì 5 mẹ́rìnlá, kò sáyè fún ìkẹẹ̀ẹ́dógún.

> "Ìjẹ́rìísí" ni àwọn olùkọ́ wa ń lò. Ṣé ẹ gbọ́n jù wọ́n lọ ni?

Àwọn olùkọ́ wa kò rí OTP, nọ́ńbà ìwọlé tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n tó lọ. Ẹ̀rí ń fẹ́ ẹlẹ́rìí. Ta ni ẹlẹ́rìí nínú nọ́ńbà oníhóró 6 tí áàpù ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30 sí ara wọn? Fóònù àti sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ń gbà wá wọlé, jọ mọ àṣírí kan, wọ́n jọ ń wo aago, oníkálukú ń ṣírò tirẹ̀. Bí aago fóònù bá fi ìṣẹ́jú mélòó kan yẹ̀, nọ́ńbà kò ní bára mu. Ìdánimọ̀ ni mo pe authentication: sáfà dá ẹni mọ̀. Ìyọ̀ǹda ni authorization. Bí a bá pò wọ́n pọ̀, owó ló ń bá a lọ. Akápò tí sáfà ti dá mọ̀ dáadáa, kò yẹ kó lè buwọ́ lu owó tí òun fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ fún sísan. Kò sì yẹ kó yá ẹlòmíràn ní páásíwọ́ọ̀dù nítorí pé ó fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán. Orúkọ rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ máa mú.

> Àrokò ńkọ́? Àwọn baba wa ti ní tiwọn kí òyìnbó tó dé.

Owó ẹyọ mẹ́fà sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Ìfiránṣẹ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ti àwọn baba wa lẹ fẹ́, ẹ lọ bá ajá àti ìyá rẹ̀ lókè ọ̀run. Orin kan náà ni ajá fi ń ní kí ìyá rẹ̀ ta okùn sílẹ̀ nígbà gbogbo. Ìjàpá lúgọ, ó gbọ́ ọ, ó kọ ọ́, okùn wálẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi pe OTP ní ọ̀rọ̀ aṣínà àlòkan. Gbájúẹ̀ tó bá sì pe ènìyàn lórí fóònù, tó gba nọ́ńbà náà kí àkókò rẹ̀ tó pé, ó ti wọlé. Passkey, kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ń lò dípò páásíwọ́ọ̀dù, ni kò ṣeé gbà bẹ́ẹ̀, torí àdírẹ́sì ojúlé wẹ́ẹ̀bù ni wọ́n so ó mọ́. Ojúlé ayédèrú ò ní rí nǹkan kan gbà.

———

Ẹ̀gbọ́n, mo gba ti à-. N kò gba aṣínà. Ta ló ń fi àmì ohùn sí ojúlé báńkì? "Oro asina" ni wọ́n máa kọ, oníbàárà á sì kà á sí aṣìnà. Ẹ jẹ́ ká kúkú fi ojúlé aṣìnà pe phishing, ìyẹn fífi ojúlé ayédèrú gba páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ènìyàn. Ní ti páásíwọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé wà nílẹ̀.

———

Aṣìnà ni ẹni tó ṣìnà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ṣi ẹlòmíràn lọ́nà, aṣinilọ́nà ni. Gbájúẹ̀ kò ṣìnà, ó mọ ibi tó ń lọ. Àti "ìgbaniwọlé" yẹn: ṣé ì- náà kọ́ ni mo ní mi ò fẹ́?