Ìṣirò mud tí páìpù ìgbẹ́lẹ̀ ń tì kúrò: kí ló fa ìyàtọ̀ yìí?

Ọmọ Yábàá: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń múra ìdánwò lórí ìdarí kànga epo, ìṣirò iye mud (ẹrẹ̀ olómi tí a fi ń gbẹ́ kànga) tí páìpù ń tì kúrò kò sì jẹ́ kí n sùn lánàá. Páìpù oní-íǹṣì 5 ni, ihò inú rẹ̀ jẹ́ 4.276. Mo mú 5 lọ́nà 5, mo yọ 4.276 lọ́nà 4.276 kúrò, mo fi 1029.4 pín èyí tó kù, mo sì rí àgbá 0.0065 fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ṣùgbọ́n 0.0076 ni wọ́n kọ sínú ìwé wa. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ẹ̀gbọ́n Orí Rìgì: Àbúrò, o kò ṣìnà, ara páìpù nìkan ni o ṣírò. Ìsopọ̀ tó wà lórí páìpù, tí à ń pè ní tool joint, ki ju ara rẹ̀ lọ, irin ibẹ̀ náà sì ń gba àyè. Mú ìwúwo ẹsẹ̀ bàtà kan páìpù pẹ̀lú ìsopọ̀ rẹ̀ ní pọ́ùn, kí o fi 2747 pín in, nítorí iye pọ́ùn irin tó ń kún àgbá kan nìyẹn. Òótọ́ ni pé 19.5 ni wọ́n ń pe páìpù yẹn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìsopọ̀, ti grade E (ìpele agbára irin rẹ̀) tó nǹkan bíi pọ́ùn 20.9.

Má fojú kékeré wo ìyàtọ̀ náà o. Bí o bá fa stand 10 (páìpù tí a so pọ̀) jáde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 93, kànga yóò fẹ́ àgbá mud 7 láti fi dí àyè wọn, tìrẹ sì ń sọ pé 6. Bí o bá fà wọ́n jáde, tí trip tank (ojò tí a fi ń wọn mud tó ń wọ kànga) fi hàn pé àgbá 6 péré ló wọ kànga, ọkàn rẹ yóò balẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé bóyá gáàsì ti wọlé láti ìsàlẹ̀ tó sì ti gba àyè àgbá kan tó kù. Bí kick, ìyẹn gáàsì tàbí omi inú ilẹ̀ tó ń já wọ kànga, ṣe ń yọ́ wọlé nìyẹn.

Aṣírò Mud: Páìpù gbígbẹ ni ẹ̀gbọ́n ń sọ. Bí mud bá bá páìpù jáde tí kò sì padà sínú kànga, ẹ fi 0.0178 kún un. Ẹ tún ṣọ́ra tí ó bá kan drill collar, páìpù wíwúwo tó nípọn tó wà nísàlẹ̀: oní-íǹṣì 8 tí ihò rẹ̀ jẹ́ 2.8125 ń gba 0.0545, ó ju ìlọ́po méje ti páìpù lọ.

Ọmọ Yábàá: Ẹ ṣeun gan-an ni. Láàárọ̀ yìí, mo wọn ìsopọ̀ kan ní àgbàlá páìpù kan ní Apápá: íǹṣì 6.375 ni, gíríìsì rẹ̀ ṣì wà ní èékánná mi. Ti grade S wá ńkọ́, níbi tí ìsopọ̀ ti tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹ̀gbọ́n Orí Rìgì: Ìwúwo tirẹ̀ gan-an ni kí o lò, kí o sì fi èsì wé iye tí kànga yẹn gbà nígbà tí wọ́n fa páìpù jáde kẹ́yìn.