Re: "Àtúnlò" kọ́ ni recycling o

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo rí i pé orúkọ Yorùbá tá a ń wá fún recycling, ìyẹn sísọ ohun tá a ti dà nù di nǹkan tuntun, ti di ẹjọ́, ẹ̀gbọ́n kan ní ká máa pè é ní àtúnlò kó parí síbẹ̀, ẹlòmíì ní àtúnyípo. Àtúnyípo yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dà á nù, kí ló ń yí po níbẹ̀?

Àtúnlò gan-an ni mo fẹ́ bá yín fà. Ìyá alágbo tó ṣan ike omi Ragolis tó bu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí sínú ẹ̀, àtúnlò nìyẹn, ike náà ṣì ni. Àmọ́ èyí tí wọ́n kó lọ sí kọ́ńpìnnì, wọ́n á ṣí ìdérí ẹ̀ kúrò, wọ́n á ṣà á láwọ̀ láwọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á wá yọ́ ọ nínú iná kó tó di nǹkan míì, ṣé ẹ fẹ́ fi orúkọ kan náà pe méjèèjì ni? Èmi ní ká lo àtúnrọ. Ṣebí irin mọ́tò tó ti kọ́ńdẹ́ǹmù làwọn alágbẹ̀dẹ wa fi ń rọ ọkọ́ àti àdá. Ẹni tó bá ní irin nìkan ni wọ́n ń rọ, kó rántí pé ọkọ̀ ojú omi nìkan la ń wà tẹ́lẹ̀, lónìí a ń wa mọ́tò, a tún ń wa bàlúù, kò sẹ́ni tó bínú.

Ti dọ́sìbíìnì tẹ́ ẹ ní ká wá orúkọ fún, wàhálà wo ló wà níbẹ̀? Ní Paris, Eugène Poubelle tó jẹ́ olórí ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ ní 1883 pé kí onílé pèsè agolo ìdalẹ̀sí tó ní ìdérí, mẹ́ta ni o: ti ohun tó ń jẹrà, ti bébà àti àkísà, ti ìgò, àwo fífọ́ àti ìkarahun. Àwọn tó ń ṣa àkísà kiri títì fárí gá, wọ́n ní ó fẹ́ já oúnjẹ gbà lẹ́nu àwọn. Lónìí poubelle lorúkọ dọ́sìbíìnì lọ́dọ̀ gbogbo elédè Faransé títí dé Cotonou. Èkó náà ti ṣe irú ẹ̀, lẹ́tà òyìnbó lásán ni LAWMA tí ìjọba sọ iléeṣẹ́ tó ń kó ìdọ̀tí ìlú ní 1991, àmọ́ ìyá tó ń gbálẹ̀ títì láàárọ̀, ṣebí "LAWMA" lẹ̀ ń pe òun náà.

Ààtàn tẹ́ ẹ ní ká máa pe landfill, ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí ìlú dà sí, mo gbà á lábọ̀. Ààtàn ẹ̀yìnkùlé, eérú, èèpo iṣu, ewé, gbogbo ẹ̀ á jẹrà, tẹ̀tẹ̀ á hù níbẹ̀ á máa dán. Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀, nítorí wọn ò tíì rí náílọ́ọ̀nù nígbà yẹn ni. Ẹ wo landfill Olusosun l'Ojota l'Èkó tí wọ́n ṣí ní 1992, ìta ìlú ló wà tẹ́lẹ̀, ilé ti yí i ká báyìí, ohun tí kò jẹrà ń ga sí i, gáàsì wà lábẹ́ ẹ̀, nígbà tó gbiná ní March 2018 èéfín ẹ̀ bo àdúgbò. Tẹ́ ẹ bá ní ààtàn náà ni, ó dáa, àmọ́ àwọn tó ń ṣa ike àti irin kiri, bọ́là ni wọ́n ń pè é ní tiwọn, inú èdè Háúsá ni wọ́n ti mú un, wọn ò sì dúró de ìpàdé wa kí wọ́n tó máa lò ó.