Báwo la ṣe lè dá ohùn padà sáàárín ẹbí n'Ílé-Ifẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn là ń wá.

Àgbà wà n'Ìrẹ́mọ, àdúgbò kan n'Ílé-Ifẹ̀, ọmọ wà l'Ékòó àti nílùú òyìnbó, orí WhatsApp nìkan ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń kí ara wọn báyìí. Bẹ́ẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ kì í gbé ohùn. Ẹ wo "oko da" tí wọn ò fàmì sí: ṣé ọkọ ni, ọkọ̀ ni, àbí oko? Bí ìyá bá sì tẹ "o daa" péré, ta ló máa mọ̀ bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni tàbí inú ló ń bí i?

Ohùn tí a gbà ránṣẹ́ sàn díẹ̀: ẹ tẹ àmì máìkì mọ́lẹ̀, ẹ fà á sókè kó tì, ìka á sinmi. Ṣùgbọ́n kò sí "hẹn" ẹni tó ń gbọ́ nínú ẹ̀, ìkíni ò sì dùn láìsí ìdáhùn. Àwọn mìíràn tún ń fi eré ìlọ́po méjì gbọ́ ọ, gbogbo ìdánudúró àgbà á wá fún pọ̀. Ìyẹn ń dùn wá gan-an. Ìpè alápapọ̀ orí WhatsApp gba èèyàn 32, àmọ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ń fà, ọ̀rọ̀ á máa kọlu ara wọn. Kó má ju mẹ́rin lọ. Ìpè lásán tí kò jẹ dátà ló rọ àgbà lọ́rùn jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo àti àsìkò wo lẹ yàn fún ìpè nínú ẹbí yín? Ta ló ń ra káàdì? Báwo lẹ sì ṣe ń sọ fọ́mọ pé àwòrán òdòdó ò tó kí ìyá, tí kò fi ní dìjà?