Báwo la ṣe lè kéde àpérò àti ìwé ìtàn àjọ wa kí ó má jọ ìpolongo ìdìbò?

Akọ̀wé Ètò:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Akọ̀wé ètò ni mo jẹ́ ní àjọ kan tó ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ìṣàkóso ìlú. A kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, a kì í sì í fa olùdíje kalẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń ka ìwé wa ló mọ̀ pé ẹ̀yìn àwọn òṣìṣẹ́ la wà. Láìpẹ́, a óò bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, a ó sì kó ìwé ìtàn méjì jáde: ọ̀kan dá lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe jà fún iṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́, èkejì dá lórí bí ẹ̀tọ́ ìdìbò ṣe tẹ àwọn obìnrin lọ́wọ́. Ìṣòro wa ni pé nígbàkígbà tí a bá kéde, àwọn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ń wá, àwọn yòókù a sì rò pé ọgbọ́n àtiwá ìbò ni. Ìkéde tí a kọ nìyí:

"Tìdùnnú-tìdùnnú ni àjọ wa fi ń pe tọmọdé-tàgbà síbi ìkójáde ìwé mánigbàgbé kan, níbi tí àwọn èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn láwùjọ yóò ti péjú-pésẹ̀. Alága wa ni yóò gba àlejò."

Ṣé kí a máa kéde ìwé lọ́tọ̀, kí a kéde àpérò lọ́tọ̀ ni, àbí kí a pa wọ́n pọ̀? Ṣé ó sì yẹ kí a fi ibi tí a fì sí pamọ́, kí àwọn tí kò gba tiwa lè wá?

Òpìtàn:
Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú ìwé. Ẹ wo Fabian Society, ẹgbẹ́ àwọn sósíálísì (àwọn tó fẹ́ kí ọrọ̀ ìlú jẹ́ ti gbogbo ènìyàn), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1884, tí ó sì wà títí di òní. Nígbà tí ọdún 1888 ń lọ sópin, méje nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, tí George Bernard Shaw, Sidney Webb àti Annie Besant wà lára wọn, ṣe ọ̀wọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́; nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 1889, Shaw ti ṣe olóòtú rẹ̀, wọ́n sì tẹ gbogbo rẹ̀ ní ìwé kan ṣoṣo. Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀dà 1,000 tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ fi tán. Lójú tèmi, àwọn tó ti jókòó gbọ́ ọ, tí wọ́n ti bá àwọn olùbánisọ̀rọ̀ fa ọ̀rọ̀, ti ń ròyìn ìwé náà fún ẹlòmíràn kí ó tó jáde rárá.

Ẹgbẹ́ yìí kan náà kò dúró de ìwé ńlá kí ó tó fọhùn. Ìwé ìléwọ́ olójú-ìwé mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní ọdún 1884, ìbéèrè ni wọ́n sì fi ṣe àkọlé rẹ̀: kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi tòṣì? Ẹ̀yin náà, ẹ yọ orí kan nínú ìwé yín, ẹ gé e kúrú, kí ẹ sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Orí tí ìjà wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ yàn. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ọ̀gá àgbà kọ kì í gbé ẹnikẹ́ni nílẹ̀ wá síbi àpérò.

Ní ti fífi ibi tí ẹ fì sí pamọ́, ẹ má ṣe é. Àwọn Fabian kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ pé sósíálísì ni àwọn, wọ́n sì wà lára àwọn tó dá ìgbìmọ̀ tó padà di Labour Party, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sílẹ̀ ní ọdún 1900. Ní òdìkejì, Institute of Economic Affairs, àjọ ìwádìí ọrọ̀ ajé kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí Antony Fisher dá sílẹ̀ ní ọdún 1955, sọ ọ́ gbangba pé ọjà tí ìjọba kò dá sí ni àwọn fara mọ́. Àwọn tí kò gba tiwọn náà ń ka ìwé wọn, nítorí pé òǹkàwé mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀.

Olóòtú Ìwé:
Mo fara mọ́ ohun tí Òpìtàn sọ, ṣùgbọ́n ìkéde yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín yẹ̀ wò. Mo kà á tán, n kò mọ ohun tí ìwé náà ń sọ, n kò sì mọ ẹni tó kọ ọ́. "Èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn" àti "alága" tí ẹ kó síbẹ̀ ló mú kí ó jọ ìpolongo, nítorí bí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe ń kọ tiwọn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ:

"Ní ọdún 1919, ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ àkọ́kọ́: kí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ má ṣe ju wákàtí 8 lójúmọ́ àti 48 lọ́sẹ̀. Àwọn wo ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ tipẹ́, kí sì ni ojú wọn rí? Ẹni tó kọ ìwé náà yóò sọ̀rọ̀. Òpìtàn kan tí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ yóò bi í léèrè níwájú yín. Ìdajì àkókò sì jẹ́ ti ẹ̀yin olùgbọ́."

Lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ ọjọ́, ibi ìpàdé, iye ìwé àti orúkọ ẹni tó ṣe agbátẹrù. Ẹ má ṣe fo agbátẹrù o, ibẹ̀ ni àwọn afura ti kọ́kọ́ ń wò. Ẹ lè ṣe ìwé kejì bẹ́ẹ̀: ní ọdún 1893 ni àwọn obìnrin New Zealand gba ẹ̀tọ́ ìdìbò, àwọn ti Switzerland kò rí i gbà nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ títí di ọdún 1971. Ẹni tó bá rí ọdún méjèèjì yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò fẹ́ mọ ohun tó fà á.

Olùtọ́jú Ilé-Ìkàwé:
Ẹ fi ISBN, nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, sínú ìkéde ìwé, èyí tó ní díjíìtì 13, irú èyí tí a ń lò láti ọdún 2007. Òun ni àwa ilé-ìkàwé àti àwọn ilé ìtàwé fi ń béèrè ìwé.

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́, ẹ yẹ òfin orílẹ̀-èdè yín wò kí ẹ tó gbé olùdíje sórí pèpéle. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1954 ni òfin ti kà á léèwọ̀ fún àwọn àjọ aláàánú tí kì í san owó-orí láti gbè sẹ́yìn olùdíje tàbí láti ta kò ó. Ohun mìíràn ni pé bí ìpàdé kan bá wà tí àwọn olùbánisọ̀rọ̀ kò fẹ́ kí a dárúkọ wọn, ìlànà ti ọdún 1927 tí Chatham House, àjọ ìwádìí ọ̀rọ̀ àgbáyé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé kalẹ̀ wà nílẹ̀: ẹni tó wá lè lo ohun tó gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú, kí ẹ má sì lérò àtifi fídíò irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ polówó ìwé.

Akọ̀wé Ètò:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Olùkọ́ kan tí kò gba tiwa ti gbà láti wá, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ ka ìwé náà tán kí òun tó jókòó síwájú èèyàn, a kò sì tíì tẹ̀ ẹ́. Ìgbìmọ̀ wa ń bẹ̀rù pé a óò kó ohun ìjà lé alátakò lọ́wọ́.

Olóòtú Ìwé:
Ẹ fún un ní ẹ̀dà tí ẹ ń yẹ̀ wò kẹ́yìn, kí ẹ sì bá a ṣe àdéhùn pé kò ní gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde ṣáájú ọjọ́ náà. Bí ó bá rí ọdún tàbí orúkọ tí kò tọ̀nà, ẹ ṣì lè tún un ṣe kí ìwé tó wọ ẹ̀rọ. Bí ẹ bá fi ìwé náà dù ú, ojú àpérò ni yóò ti ka àṣìṣe náà síta, ìwé á sì ti kún inú páálí lẹ́nu ọ̀nà.