Níbo ni igi èmí ti ń hù fúnra rẹ̀ nítòsí Ìbàdàn?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀dàn dáadáa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Mo ń wá ibi tó sún mọ́ Ìbàdàn jù lọ tí igi èmí, èyí tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, ti ń hù fúnra rẹ̀. Igi ọ̀dàn ni, kì í gbé inú igbó kìjikìji, láti Senegal títí dé Uganda ni ó sì ti ń hù. Èmi fúnra mi ti rí i ní Ṣakí, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń dá a sí bí wọ́n bá ń ṣán oko, ṣùgbọ́n ibẹ̀ jìnnà jù fún àwọn ọmọ iléèwé tí mo fẹ́ kó lọ wò ó. Ǹjẹ́ ó wà ní àyíká Ìṣẹ́yìn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, oṣù wo sì ni èso rẹ̀ ń já bọ́ níbẹ̀?