Owó Ọkọ̀ Ojú Omi Kò Sí Nínú Ìṣirò Wọn

Ẹni tí kò bá tíì kó sìmẹ́ńtì sínú ọkọ̀ ojú omi rí kò lè mọ ohun tó ń mú kí ilé kíláàsì pẹ́ kó tó dúró ní etí omi Ìjẹ̀bú. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé mi lọ nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ àwọn olùkọ́, ìletò àwọn apẹja kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Mi ò ní dárúkọ ìletò náà, nítorí ọ̀gá ilé-ìwé tó wà níbẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, mọ́tò lẹ ó wọ̀ dé Abigi, ẹ ó gun ọ̀kadà, ẹ ó sì wá jókòó ti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì títí tí yóò fi kún. Tí òjúoró bá dí ojú omi, awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì, á máa fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lọ, ẹ̀yin náà á sì máa wo aago.

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ kì í wo aago. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ń di àjẹ̀ mú, tó ń wa àbúrò rẹ̀ méjì wá sílé-ìwé. Inú láílọ́ọ̀nù ni yunifọ́ọ̀mù wọn máa ń wà. Tí wọ́n bá gúnlẹ̀, wọ́n á bọ́ sẹ́yìn igi àgbọn, wọ́n á wọ̀ ọ́, wọ́n á ká láílọ́ọ̀nù náà sápò, nítorí ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀. Ọmọ tó bá gbé yunifọ́ọ̀mù tútù wá, tí mo bá bi í pé kí ló dé, á ní, “Àǹtí, ìjì ni.” Kì í ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwa olùkọ́ méjì, pẹ̀lú ọ̀gá wa, là ń kọ́ kíláàsì mẹ́fà. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kìíní, ìkejì àti ìkẹta wà lọ́wọ́ mi nínú yàrá kan ṣoṣo: bí àwọn kan bá ń ka á-bí-dí, àwọn yòókù á máa ṣe ìṣirò. Ìlànà ìjọba ni pé olùkọ́ kan sí ọmọ 35. Àwọn tó wà nínú rẹ́jísítà wa lé díẹ̀ ní 60, nítorí náà, lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, olùkọ́ méjì ti tó wa. Ìṣirò yẹn pé o, mi ò lè bá a jà. Àmọ́ kíláàsì mẹ́fà ni kíláàsì mẹ́fà, ọmọ 60 ni o, ọmọ 600 ni o.

Àwọn tó wá ka ọmọ tún dá kún un. Ọjọ́ ọjà ni wọ́n dé. Àwọn ìyá ti kó ẹja yíyan sọdá sí Ẹ̀pẹ́ láti òwúrọ̀ kùtù, ọ̀pọ̀ ọmọ sì bá wọn lọ nítorí ta ni yóò ru agbọ̀n? Mo gbé rẹ́jísítà wá, wọ́n ní orí tí ojú àwọn bá rí nìkan làwọn máa kọ sílẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sùn di ọjọ́ kejì. Ọ̀kan nínú wọn bojú wo ọkọ̀ tó gbé wọn wá, ó bojú wo ojú ọ̀run, ó ní àwọn ò lè sùn síbí. Iye tí wọ́n kọ lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn fún ìgbà pípẹ́.

Ti ilé kíláàsì ló wá dùn mí jù. Wọ́n gbé iṣẹ́ yàrá méjì fún agbaṣẹ́ṣe kan, inú ìlú dùn, wọ́n pa ewúrẹ́. Iye tí wọ́n kọ fún un kò yàtọ̀ sí iye tí wọ́n kọ fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí tírélà ti lè já sìmẹ́ńtì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Níbi tiwa, àwọn alágbàrù máa gbowó kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀, awakọ̀ máa gbowó lórí àpò kọ̀ọ̀kan, àwọn alágbàrù òdìkejì náà máa gbowó. Iyanrìn, òkúta, irin, páànù, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Kí iṣẹ́ tó dé ìdajì, ìjọba kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó ọkọ̀ sì fò sókè lọ́sẹ̀ náà gan-an. Lẹ́yìn náà ni òjò ká ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kan mọ́ àárín ọ̀sà. Nígbà tí wọ́n fi máa tú tapólì, ó ti dì gbagidi. Ògiri dé ojú fèrèsé, agbaṣẹ́ṣe bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Gbogbo ìlú ń pè é ní olè. Èmi ò gbà. Ẹni tó jókòó sí Abẹ́òkúta tó kọ iye owó láì ka omi sí, òun ni mo bá wí.

Bàbá kan wà níbẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló ṣàlàyé bí owó ṣe ń rìn fún wa lábẹ́ igi. Ó ní òfin ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ọdún 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 2 nínú ìdá 100 owó àpapọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kí ìpínlẹ̀ kan tó lè gba ìrànwọ́ ìkọ́lé nínú rẹ̀, ó ní láti gbé iye kan náà kalẹ̀ lápò ara rẹ̀. Owó oṣù wa àwa olùkọ́ ní tirẹ̀, inú owó ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. “Kò sí ibi tí òfin ti ní kí ọmọ etí omi gba èyí tó dín,” bẹ́ẹ̀ ni bàbá wí. “Ibi tí wọ́n ti ń pín in nílé ni wọ́n ti gbàgbé wa.” Ó wá rán wa létí ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn: Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni olórí ìjọba, Awokoya ọmọ Awa níhìn-ín ni mínísítà ẹ̀kọ́. Ọmọ Rẹ́mọ àti ọmọ Ìjẹ̀bú ló gbé e kalẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Inú bí àwọn èèyàn lọ́jọ́ tí bàbá sọ̀rọ̀ yìí, ìbínú yẹn ló sì gbé wa dé Abẹ́òkúta.

Èmi ò lè síwájú, ẹni tó ń jẹun ìjọba ni mí. Aṣojú bàálẹ̀, bàbá tíṣà àti ìyálọ́jà àwọn ẹlẹ́ja ló sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ìjọba tí wọ́n mú wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò le koko mọ́ wa, ó kàn ń béèrè ohun kan náà ṣáá: ọmọ mélòó ló wà níbẹ̀? Ó ní kí ló dé tí a ò da ilé-ìwé wa pọ̀ mọ́ èyí tó wà lórí ilẹ̀. Ìyálọ́jà ní, “Ọmọ mi, tí ìjì bá dé, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá wa wọ́n sọdá?” Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò rí èsì fọ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Ìyálọ́jà tú ìró ìdí rẹ̀, ó fa ìwé ẹlẹ́wé 60 kan yọ. Àwọn awakọ̀ wa kì í fúnni ní rìsíìtì, nítorí náà gbogbo ẹrù ilé-ìwé tí wọ́n bá gbé, ó máa ń ní kí ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: àpò mélòó, èló, ọjọ́ wo. Awakọ̀ á wá tẹ àtàǹpàkò sí i. Ẹsẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní íńkì búlúù, òmíràn sì ń rùn ẹja. Bàbá tíṣà to ìwé iye owó ti Ìjẹ̀bú-Òde tì í. Ọ̀gá náà ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó pe ọmọ iṣẹ́ kan kó lọ ṣe fọ́tòkópì rẹ̀.

Ó pẹ́, àmọ́ wọ́n tún iṣẹ́ náà gbé jáde, owó ọkọ̀ ojú omi sì wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nǹkan tó dá dúró. Wọ́n ti kan páànù. Àga àti tábìlì dé, ẹsẹ̀ díẹ̀ ti yẹ̀ lójú omi, káfíńtà wa tún un ṣe.

Ti olùkọ́ ò tíì lójú. Ẹni kan dé, kò pẹ́ tó fi lọ wá ẹni tó máa bá a gbé e padà sílé, mi ò sì lè dá a lẹ́bi: owó oṣù rẹ̀ àti ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀kan náà ni. Àjẹmọ́nú fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ létí omi la ń béèrè báyìí, kí wọ́n sì fi iye kíláàsì pín olùkọ́ dípò iye orí. A fẹ́ kó wọ inú ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ ń kọ́ni ní Òde-Omi, Mákùn-Omi àti Iwopin, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ owó ọkọ̀ yín sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí awakọ̀ sì tẹ̀ ẹ́. Ìyálọ́jà ní òun á tọ́jú ìwé náà pa pọ̀ fún gbogbo wa.