Àárín òkè ni oríṣi eku àti asín pọ̀ sí: ohun tí mo rí nídìí pàkúté

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Bí ọ̀rọ̀ ibi tí oríṣi eku àti asín ti pọ̀ jù lórí òkè ti wá sílẹ̀ yìí, èmi náà ní tèmi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bá àwọn onímọ̀ ẹranko gun òkè lọ dẹ pàkúté, mo ti gbà lọ́kàn mi pé ìsàlẹ̀ ni oríṣiríṣi wọn máa pọ̀ sí. Ṣebí ooru máa ń fi nǹkan bíi 6°C dín kù ní gbogbo 1,000 mítà téèyàn bá gùn. Ọ̀sẹ̀ kìíní sì fẹ́ gbè mí lẹ́sẹ̀: eku kún àpótí pàkúté wa ní ìsàlẹ̀, àmọ́ ní àárín òkè, nínú igbó tí ìkúukùu kì í fi sílẹ̀, òfìfo la máa ń bá.

Ọ̀gá wa ní ká rì garawa mọ́lẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba. Ní ọjọ́ kejì, asín oríṣi mẹ́ta! Ẹ̀pà lílọ̀ tí a fi ṣe ìdẹ kò wù wọ́n, kòkòrò àti ekòló ni wọ́n ń jẹ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ fúyẹ́ débi pé wọn kò lè tẹ pàkúté kó pa dé. Mo gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́. Imú gígùn tí kò dúró jẹ́ẹ́, ojú tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, àyà rẹ̀ sì ń lù lábẹ́ ìka mi ju ohun téèyàn lè kà.

Lọ́jọ́ kan òjò dá wa dúró, ilẹ̀ ti mọ́ kedere ká tó dé ìdí garawa. Méjì ti kú. Asín kò lè fara da ebi wákàtí díẹ̀, ká má tíì sọ ti òtútù. Ó dùn mí wọra. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jí.

Nígbà tí a ka gbogbo oríṣi tí a mú pọ̀, àárín ló borí. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ, ewé jíjẹrà nípọn, ekòló pọ̀, ibẹ̀ náà sì ni ará ìsàlẹ̀ àti ará òkè ti ń pàdé.

*

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ nípa ìdẹ. Ní òkè Luzon ní Philippines, ekòló láàyè ni wọ́n fi ń mú àwọn eku kan tí kì í ya ìdí ẹ̀pà.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwé tí ẹ kọ gíga ibi tí ẹ ti mú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ṣì wà? Joseph Grinnell, onímọ̀ ẹranko, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ irú rẹ̀ ní agbègbè olókè Yosemite, ní Amẹ́ríkà, láàárín 1914 sí 1920. Nígbà tí àwọn mìíràn padà síbẹ̀ ní bíi 90 ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé nínú oríṣi ẹranko kéékèèké 28, ìdajì ti sún sókè, bíi 500 mítà ní ìpíndọ́gba. Ẹ̀rù àwọn tó ti wà ní ṣóńṣó tẹ́lẹ̀ ló ń bà mí, torí kò síbi tí wọ́n tún lè sún sí.

*

Ó wà lọ́wọ́ mi, àbúrò. Omi ti fẹ́ pa ojú ewé méjì rẹ́. Màá tún un kọ lálẹ́ òní.